Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka síwèé gbà-má-bínú: Bẹ́ ẹ ṣe lè yan lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ìfarapa

Ẹni tó bá ń gba títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá déédéé mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí láti Òjóò lọ sí Mọ́níyà, títí dé Akínyẹlé àti Ìrókò. Tírélà tó ń kó ẹrù lọ sílẹ̀ Hausa, ọkọ̀ tó ń kó màálù bọ̀ lọ́jà Akínyẹlé, bọ́ọ̀sì akérò, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àtàwọn ìyá tó gbé ẹrù kárí, títì kan náà ni gbogbo wọn ń ná. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á gbé ẹni tó fara pa lọ sọ́sibítù, wọ́n á pe àwọn ẹbí ẹ̀, ẹlòmíì á sì sáré lọ sí tẹ́ṣàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí owó ọsibítù ti ń gorí ara wọn, tẹ́ni tó ni mọ́tò sì rán èèyàn wá pẹ̀lú àpòòwé kan lọ́wọ́.

Ká sọ pé ìyá kan tó ń ra gààrì láwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, tó ń kó o lọ tà ní Bódìjà, ni ọkọ̀ akẹ́rù kọlù lẹ́bàá títì, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Ó ti san N650,000 lọ́sibítù. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kankan fún oṣù mẹ́jọ. Kó tó fara pa, èrè tó ń rí lọ́sẹ̀ jẹ́ N25,000. Bẹ́ ẹ bá ṣírò ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, N850,000 lowó tí kò ní í wọlé fún un. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, N1,500,000 ni, ìyẹn láìtíì ka ìrora tó jẹ àti ẹsẹ̀ tó ṣeé ṣe kó máa tiro títí ọjọ́ alẹ́. N300,000 ló wà nínú àpòòwé tí wọ́n gbé wá, ìdá kan nínú márùn-ún. Ìwé kan tẹ̀ lé owó náà, èdè òyìnbó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju pé ìyá náà ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, kò sì ní í bá awakọ̀, ẹni tó ni mọ́tò tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò wọn fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé. Wọ́n ní kó tẹ̀ka sí i.

Àwọn ẹbí á ní kó gbà á. Wọ́n á rán an létí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni tírélà kì í ṣọ̀rẹ́ ìyá náà látilẹ̀wá, wọn ò sì mọ ilé ara wọn. Bó bá ti tẹ̀ka pẹ́nrẹ́n, lọ́yà tó dáńgájíá jù lọ nílùú Ìbàdàn á làágùn kó tó lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Ibi kan ṣoṣo tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀ sí ni òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Òfin yẹn ní ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un yékéyéké, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiẹ̀ náà sínú ìwé ọ̀hún. Bí ìyẹn kò bá sí ńbẹ̀, lọ́yà lè rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kí wọ́n tó tẹ̀ka ju lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán lọ.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ lọ́yà fi wọ ojú ewé ìṣòwò? Ìdí ni pé ọjà ni iṣẹ́ lọ́yà, owó ni wọ́n fi ń rà á, ẹni tó bá sì ra ayédèrú ọjà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, òfò méjì ló ṣe. Bí olóko tó ń ra máṣíìnì ìrẹ̀gẹ́ ṣe máa ń béèrè ìbéèrè mẹ́wàá kó tó sanwó, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó béèrè nígbà tó bá ń wá agbẹjọ́rò.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá bá mú awakọ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì n'Íyágankú, inú àwọn tó fara pa á dùn, wọ́n á máa retí owó. Ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn. Ìjọba ló pe awakọ̀ lẹ́jọ́ pé ó wa ìwàkuwà, bí adájọ́ bá sì bu owó ìtanràn lé e, àpò ìjọba lowó náà ń lọ. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ níbẹ̀ kì í ṣe lọ́yà ẹni tó fara pa. Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó fara pa fúnra rẹ̀, tàbí àwọn ẹbí ẹni tó kú, ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè é, lọ́yà tiwọn ni yóò sì kọ ìwé ìpẹ̀jọ́. Bẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì lọ́yà kan, tí kò ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún yín, tó kàn ń sọ pé òun á lọ bá D.P.O. sọ̀rọ̀, ẹ fura. Irú wọn ló máa ń dúró yí kóòtù ká, tí iṣẹ́ wọn kò kọjá kí wọ́n gba béèlì, tí wọ́n bá sì gba béèlì tán, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ṣé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ́yà ni àbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ? Ẹ̀rí ni. Lọ́yà kì í jẹ́rìí fún oníbàárà rẹ̀, ohun tí wọ́n bá kó fún un ló máa fi jà. Nọ́ńbà mọ́tò náà, orúkọ awakọ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀, fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà níbi ìjàǹbá, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Ìwé ìròyìn ìjàǹbá látọ́dọ̀ ọlọ́pàá ńkọ́? Ìwé tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bá kọ ńkọ́? Ìwé dókítà ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Èyí táwọn ará oko máa ń fojú kéré jù ni rìsíìtì. Àwọn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ yìí pín owó gbà-má-bínú sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni owó tẹ́ni náà ti ná gan-an àti èyí tó pàdánù, ilé-ẹjọ́ kì í sì í gba ìyẹn gbọ́ láìsí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin, náírà sí náírà. Èkejì ni ti ìrora, ìnira àti àbùkù ara, èyí tí adájọ́ máa ń fojú ọgbọ́n díwọ̀n. Ẹni tó ra oògùn N80,000 lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù láìgba rìsíìtì ti fi N80,000 náà ta adájọ́ lọ́rẹ. Ẹni tó gba ọ̀kadà lọ síbi ìtọ́jú nígbà ogún, kó kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ìyá oníṣòwò tí kì í kọ ọjà tó ń tà sílẹ̀ lè pe àwọn tó ń bá a dá èésú tàbí alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, káàdì àjọ náà ẹ̀rí ni. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á béèrè káàdì yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni kò rí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìyẹn náà kò tó ohun tí lọ́yà gidi á fi lé yín padà. Lọ́dún 1961, ilé-ẹjọ́ gíga nílùú Ìbàdàn gbọ́ ẹjọ́ kan tí wọ́n pe ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ọsibítù UCH. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n fura pé ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀, ni dókítà ní kí nọ́ọ̀sì máa mójú tó. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ó ti já bọ́ láti àjà kẹrin, ó sì ti kú. Kò sẹ́ni tó ṣojú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ṣọ́ aláìsàn bó ṣe yẹ, ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà fáwọn tó pè é. Ìlànà kan náà ló wúlò bí kọ̀ǹténà bá já bọ́ lórí tírélà tó sì wó lu ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran lẹ́bàá títì. Kí lẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mọ̀ nípa okùn tí wọ́n fi so kọ̀ǹténà? Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan. Lọ́dún 1985, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá obìnrin kan láre tí fíríìjì oníkẹrosíìnì tó rà bú gbàmù mọ́ lára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà yín bóyá ó ti ṣe irú ẹjọ́ báyìí rí àti ibi tó já sí. Kò pọn dandan kó jẹ́ SAN. Lọ́yà tó ti ń gba ẹjọ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún lè gbọ́n bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ nídìí ẹjọ́ ilẹ̀, kó má sì mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ẹjọ́ ìfarapa mú. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù ní agbègbè Akínyẹlé, Lágelú àti Ẹgbẹ́dá látìgbà táwọn ará Ìbàdàn ti ń kọ́lé wọ oko, nítorí náà ọ̀pọ̀ lọ́yà tí wọ́n máa júwe fún yín níbẹ̀, ti ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ìbéèrè tó máa fi lọ́yà gidi hàn ni èyí: Ta lẹ máa pè lẹ́jọ́? Bó bá dáhùn pé awakọ̀ ni, ó kù díẹ̀ káàtó. Awakọ̀ lè máà ní ju ṣòkòtò kan lọ. Òfin gbà pé bí awakọ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó ṣe èèyàn léṣe, ọ̀gá náà á pín nínú ẹ̀bi, nítorí náà àtawakọ̀ àtẹni tó ni mọ́tò ni wọ́n jọ máa ń pè. Lẹ́yìn wọn ni iléeṣẹ́ adójútòfò wà. Láti 1945 ni òfin ilẹ̀ yìí ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo mọ́tò ní ìwé adójútòfò fún ẹni tí mọ́tò náà bá ṣe léṣe, òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 sì ti kó òfin àtijọ́ yẹn pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM ti sọ owó ìwé yìí fún mọ́tò àdáni di N15,000 dípò N5,000, tí wọ́n sì ní dúkìá tó bá bàjẹ́ lè gba tó N3 mílíọ̀nù. Fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, N100,000 ni wọ́n ń san, ti dúkìá sì tó N5 mílíọ̀nù. Ẹ fiyè sí i pé dúkìá ni iye tí wọ́n dá yẹn wà fún, kì í ṣe ẹran ara. Ẹni tó bá wá sọ fún yín ní bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé N3 mílíọ̀nù ni òpin ohun tí ìwé adójútòfò lè san fún ẹsẹ̀ tó gé, ó ń pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ni.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ayédèrú ìwé adójútòfò wà nígboro. Nítorí ẹ̀ làwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fi dá àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè fi nọ́ńbà mọ́tò wádìí bóyá ojúlówó ni ìwé rẹ̀ àti iléeṣẹ́ tó gbé e jáde. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún lọ́yà láti ṣe èyí. Bó bá rí orúkọ iléeṣẹ́ náà, ó gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé sí wọn pé ẹjọ́ ń bọ̀, torí iléeṣẹ́ adójútòfò tí kò gbọ́ nípa ẹjọ́ títí wọ́n fi dá a tán á wá àwáwí tí kò ní í sanwó. Bẹ́ ẹ bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lọ́yà yín kò tíì mọ iléeṣẹ́ tó kọ ìwé fún mọ́tò ọ̀hún, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ gbà.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà. Fún ẹjọ́ ìfarapa láàárín aráàlú sí aráàlú, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọdún tó fún èèyàn láti pẹjọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mọ́tò ìjọba, ti ọlọ́pàá, ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣe èèyàn léṣe, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ọba fàyè gbà. Oṣù mẹ́ta! Ẹni tí wọ́n fi irin so ẹsẹ̀ kọ́ sókè lọ́sibítù lè lo oṣù mẹ́ta yẹn tán láìtíì dìde. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kan tún wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí kí wọ́n tó lè pè wọ́n lẹ́jọ́, tí ilé-ẹjọ́ á sì da ẹjọ́ nù bí ìwé yẹn kò bá sí. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n sì ṣí ibùdó Mọ́níyà lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021, ó yẹ káwọn tó ń ṣòwò tàbí dáko nítòsí ojú irin náà mọ̀ pé bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n máa bá ṣe é. Lọ́yà tí kò bá béèrè ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ kó tó béèrè owó, ẹ máa wò ó.

Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ lèèyàn ti fara pa, ọ̀nà rẹ̀ tún yàtọ̀. Ilé ìlọ̀tà oúnjẹ adìẹ, ọgbà adìẹ ńlá, ilé pákó, iléeṣẹ́ búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ pọ̀ káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí Ìbàdàn ká. Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó fara pa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ méje láti sọ fún àjọ náà. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òfin ní kí wọ́n máa san ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò gbọ́ orúkọ NSITF rí títí ẹ̀rọ fi gé wọn níka. Ẹ tún rántí pé ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ yàtọ̀, ó sì ní ẹ̀ka n'Íbàdàn. Lọ́yà tó bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́ gíga ní Ring Road lè lo ọdún méjì kí wọ́n tó sọ fún un pé ibi tó gbé e wá kọ́ ló yẹ kó gbé e lọ.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé lọ́yà ni lọ́yà? Aṣọ dúdú àti kọ́là funfun kò tó. Orúkọ gbogbo agbẹjọ́rò wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, oníkálukú sì ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, tún ń fún wọn ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé tí wọ́n bá kọ, orúkọ lọ́yà àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ẹ̀. Bí lẹ́tà tó kọ fún yín kò bá ní òǹtẹ̀ yìí, ẹ béèrè. Ẹ̀ka NBA tó wà n'Íbàdàn lè sọ fún yín bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní ti àwọn tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù tàbí tẹ́ṣàn, tí wọ́n á ní "lọ́yà kan wà tó máa gba mílíọ̀nù mẹ́wàá fún yín," ìlànà iṣẹ́ agbẹjọ́rò kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí lọ́yà máa wá àwọn tó fara pa kiri láti rọ̀ wọ́n pẹjọ́, tàbí kó máa fún ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ọsibítù lówó kí wọ́n lè mú oníbàárà wá fún un. Ẹni tó bá fi èrú bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ ibi tó máa fi èrú parí ẹ̀ sí?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín lọ́yà àtoníbàárà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London á ti sọ fún àwọn ará ilé pé bí mọ́tò bá gbá èèyàn lọ́hùn-ún, lọ́yà kì í gba kọ́bọ̀ àyàfi tó bá jàre. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ti fi òpin sí ohun tí lọ́yà lè yọ nínú owó oníbàárà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Nílẹ̀ yìí náà, ìlànà gba lọ́yà láàyè láti bá oníbàárà ṣàdéhùn pé nínú owó tó bá wọlé lòun á ti mú tòun, bí kì í bá ti í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, tí iye náà sì bójú mu. Ohun tí lọ́yà kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó gbé ìnáwó ẹjọ́ náà rù bíi pé tiẹ̀ ni. Ó lè kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ san owó ìwé kóòtù, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ dá a padà. Nítorí náà, bí lọ́yà bá ní "ẹ ò ní í san nǹkan kan," ẹ béèrè pé: owó kóòtù ńkọ́, owó ìwé dókítà ńkọ́, owó ẹni tó máa gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá ẹni tó ni tírélà ní Kano ńkọ́? Tá a bá pàdánù, ta ló máa san án?

Ẹ wo bí ìlà kan ṣoṣo nínú àdéhùn ṣe lè yí owó padà. Ká ní adájọ́ fún ìyá onígààrì ní N3,000,000, ìnáwó ẹjọ́ sì jẹ́ N400,000, tí lọ́yà sì ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lòun máa gbà. Bó bá mú ìdá ogún tiẹ̀ nínú odindi owó náà, N600,000 ni tiẹ̀, wọ́n á yọ ìnáwó, ó ku N2,000,000 fún ìyá. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ ìnáwó, N2,600,000 ló kù, ìdá ogún rẹ̀ jẹ́ N520,000, ìyá sì máa mú N2,080,000 lọ sílé. N80,000 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Lọ́yà kan lè yàn láti gba owó díẹ̀díẹ̀ dípò ìdá, iye kan nígbà tó bá gba fáìlì, iye kan ní gbogbo ọjọ́ tó bá lọ sí kóòtù. Èyí máa ń dà bíi pé ó dínwó níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ tí wọ́n sún síwájú nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti gba owó ìrìnnà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, adájọ́ ì báà jókòó, ì báà má jókòó. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ jẹ́ kó wà ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sí yín létí lédè Yorùbá níwájú ọmọ tàbí àbúrò yín tó mọ̀wé, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Kí àdéhùn náà sọ pé lọ́yà kò ní í bá àwọn tẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́ parí ọ̀rọ̀ láìgba ohùn yín, àti pé bí owó bá wọ àkáǹtì rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ tiẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tètè ṣírò rẹ̀ fún yín. Ìlànà iṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ ti sọ ti owó yẹn, kì í ṣe ojúure.

Ẹ má retí pé á yá. Ọdún 1996 ni iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan wò lára àwọn ọmọdé ní Kano nígbà àrùn yírunyírun. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano lórí $75 mílíọ̀nù, $10 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ sì wà fún ìnáwó ẹjọ́. Ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba $175,000 níkọ̀ọ̀kan, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹjọ́ tírélà kò le tó ìyẹn, àmọ́ lọ́yà tó bá ní oṣù mẹ́ta lòun máa fi gba owó ní kóòtù, ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ. Èyí tó lè yá ni kí lọ́yà kọ lẹ́tà tó múná sí ẹni tó ni mọ́tò àti iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, kó so ìwé dókítà àtàwọn rìsíìtì mọ́ ọn, kí wọ́n sì jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń parí síbẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú ẹ̀ bó bá ti jẹ́ pé owó tó jọjú ni.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà rárá kò tíì bọ́ sóko ìgbàgbé. Òfin tọdún 2011 tó gbé àjọ Legal Aid Council kalẹ̀ fi ẹjọ́ ìjàǹbá àti owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ sára ohun tí wọ́n lè gbà rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí, èyí tó jẹ́ N70,000 látọdún 2024. Wọ́n ní ọ́fíìsì n'Íbàdàn. Àwọn oníṣòwò kéékèèké àti olóko púpọ̀ ní Akínyẹlé ló wà nínú òṣùwọ̀n yìí, àmọ́ ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọsibítù pẹ̀lú, òfin ìlera tọdún 2014 kò fàyè gbà á kí wọ́n kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ì báà jẹ́ pé kò mú owó lọ́wọ́ tàbí pé ìwé ọlọ́pàá kò tíì dé. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn N100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Bí lọ́yà bá sì ti gbà iṣẹ́, tí kò wá gbé fóònù mọ́, tí ọjọ́ ẹjọ́ ń kọjá láìjẹ́ pé ó lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí i kẹ́ ẹ tó pariwo, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹjọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ lọ́yà, kó sì gbé e fún ẹlòmíì, bó bá ti san ohun tó jẹ ẹ́. Ẹ̀sùn tó bá wúwo, bíi kó ti owó gbà-má-bínú bọ àpò ara rẹ̀, ni wọ́n máa ń gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ LPDC, àwọn náà ló lè ní kí wọ́n yọ orúkọ agbẹjọ́rò kúrò nínú ìwé. Ẹni tó bá gba fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́yà kan, kó wò ó bóyá ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ sún ẹjọ́ sí wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ojúlówó ìwé dókítà, ìwé ọlọ́pàá àti gbogbo rìsíìtì, kó sì mú un dé ọ̀dọ̀ lọ́yà tuntun kí ọjọ́ náà tó pé.